Ọwọ́ tó Wà ní Èjìká Etí-Ìlú

Àpótí ló kọ́kọ́ gun ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà kí ẹni tó ni àpótí tó kí i.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, kí lọ́rì tó gba ojú pópó. Bàbá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Ó fi ìdí ọ̀pá idẹ kan lé orí páìpù, ó fi etí ti orí ọ̀pá náà, ó sì di ojú méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ omi dúró yí i ká tàwọn ti ṣọ́bìrì wọn, kò sẹ́ni tó mira.

Etí-Ìlú ni gbogbo ayé ń pe baba yìí. Ọdún méjìdínlógójì ló ti ń fi etí wá ibi tí omi ti ń jò lábẹ́ ilẹ̀. Ó sì fẹ́ràn kí èèyàn máa wo òun bí òun bá ń gbọ́ ọ. Bí èrò kò bá tíì pọ̀ tó, páìpù kì í tètè bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ àbíkẹ́yìn, tó tún jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ níbi iṣẹ́, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó há ìwé mọ́ abíyá. Ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá idẹ mú kó má baà mì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún lé èjìká bàbá.

Ibi ọwọ́ méjèèjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ó ti tó ọdún méjì tí etí Etí-Ìlú ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ kò sì bi í. Lọ́jọ́ kan ṣáá, ọmọ náà rí i tí òógùn ń bọ́ lójú bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń tẹ́tí sí ohun tí kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìka òun tó di ọ̀pá mú ti ń mọ̀ ọ́n lára pé omi ń hó nísàlẹ̀. Ó rọra tẹ èjìká bàbá. Bàbá la ojú, ó kígbe pé, "Ibí!" Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, omi sì tú jáde. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ òsì ti ń gbọ́, tí ọwọ́ ọ̀tún ń sọ, tí bàbá ń kígbe. Wọn ò jíròrò rẹ̀ rí.

Ní òwúrọ̀ tí à ń sọ yìí, ìka rẹ̀ kò tíì mọ nǹkan kan lára nígbà tí ohun kan tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀ já lé e lẹ́sẹ̀. Ó fò sókè, ó sì fi gbogbo agbára fún èjìká bàbá rẹ̀ mọ́wọ́.

"Ibí!" ni Etí-Ìlú kígbe.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ dé ìbàdí, ilẹ̀ gbẹ táútáú.

"Ẹ dákun, àǹtí, ẹ má bínú," ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé àpótí dúdú méjì dání, ó ya irun rẹ̀ sọ́nà kan bí ẹni tó fi rúlà fà á. "Mo rò pé orí òkúta ni mo gbé e lé."

"Ẹsẹ̀ mi jọ òkúta lójú yín?"

"Rárá o! Òkúta kì í wọ bàtà pupa."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti gbéra.

"Ta ló gbé pósí méjì wá síbi iṣẹ́ mi?" ni Etí-Ìlú bú ramúramù. "Òun ló ba ohùn tí mò ń gbọ́ jẹ́! Láti ọdún méjìdínlógójì, mi ò gbẹ́ ihò gbígbẹ rí!"

Ó ti gbẹ́ mẹ́sàn-án. Inú ìwé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó dọ̀bálẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, èjìká baba ló ń wò, lẹ́yìn náà ló wo bàtà pupa. Ó jọ pé ó ń ṣírò nǹkan.

*

Iléeṣẹ́ omi ló gbà á síṣẹ́, kó máa fi àpótí rẹ̀ wá ibi tí omi ti ń jò. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́ ní Aláàpótí. Wọ́n ní kí Akọ̀wé máa bá a kọ àkọsílẹ̀ ní ọ̀sán, torí àárọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Aláàpótí kò burú, àfi pé ìgbéraga tirẹ̀ wà nínú àwòrán ìlà. Àwọn ìlà wínníwínní tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń yà, bí ìyá ìkókó ṣe ń fi àwòrán ọmọ han àlejò ló ṣe ń fi wọ́n han èèyàn. Bí o bá sọ pé, "Ó dáa," á ní, "O ò tíì rí apá ibí yìí."

"Bàbá yín ń gbọ́ níbì kan ṣoṣo," ló sọ fún un lọ́sàn-án àkọ́kọ́, nínú yàrá kékeré tí wọ́n kó àwọn páìpù àlòkù sí. "Ibi méjì lèmi ti ń gbọ́. Àpótí kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà, èkejì wà ní òpin rẹ̀. Ọkọ̀ tó kọjá nítòsí èyí, èyí nìkan ló gbọ́ ọ dáadáa. Ajá tó gbó lọ́hùn-ún, tọ̀hún nìkan ló gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n omi tó ń jò láàárín wọn, àwọn méjèèjì ni yóò gbọ́ ọ, ọ̀kan á kàn gbọ́ ọ ṣáájú èkejì. Torí náà mo máa ń gbé àkọsílẹ̀ ohùn àpótí kan lé orí ti ìkejì, màá máa fà á síwájú, màá máa fà á sẹ́yìn, títí tí wọn á fi bára mu. Ibi tí mo fà á dé kí wọ́n tó bára mu ló ń sọ ibi tí omi wà fún mi."

Akọ̀wé wò ó. "Bí ẹ bá ń fà á títí, ṣé kò ní bára mu níbì kan ṣáá? Ẹni tó bá wo ìkùukùu pẹ́, á rí ẹṣin níbẹ̀."

Aláàpótí yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ta ló kọ́ yín ní ìyẹn?"

"Ìkùukùu ni."

"Àǹtí, ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́kọ́ gbé àpótí lọ sí òpópónà tí kò jò rárá. Mo fẹ́ mọ iye ìgbà tí ariwo lásán máa ń parọ́ fúnni. Ìgbà tí ohun tí mo rí bá pọ̀ ju irọ́ rẹ̀ lọ fíìfíì ni mo tó máa ń lanu sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ náà ni Aláàpótí bẹ̀rẹ̀ sí í nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún un lẹ́yìn oṣù kan, lórí páìpù àlòkù kan náà. "Ẹṣin inú ìkùukùu yẹn ló gbé mi lọ, Akọ̀wé mi. Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀."

"Ṣó o ti dán an wò níbi tí kò jò?" ló bi í.

"Mo ti dán an wò. Lọ́jọ́ tó ò bá sí níbí, àyà mi kì í lù báyìí."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń tọ́jú páìpù fi kan ilẹ̀kùn.

*

Ìyá Akọ̀wé ló ṣílẹ̀kùn fún Aláàpótí lọ́jọ́ tó wá fojú hàn nílé. Àwòrán mẹ́fà ni Etí-Ìlú gbé kọ́ sí ògiri pálọ̀, òun àti ọ̀pá rẹ̀ ló wà nínú gbogbo wọn. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ẹyọ kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e kúrò, ó ku apá kan.

"Apá mi nìyẹn," ni ìyá sọ, bó ti ń gbé omi fún àlejò. "Wọ́n ní mo dí ọ̀pá lójú."

Etí-Ìlú jókòó gbagidi. "Kí lo wá ṣe?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mo bá wá. Mo fẹ́ fi í ṣe aya, bẹ́ ẹ bá gbà fún mi."

"Mo ní kí lo wá ṣe?"

"Ó ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wa!" ni ìyá lọgun.

"Mo gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́," ni Etí-Ìlú dáhùn. "Mo fẹ́ kó tún un sọ ni." Ó na ìka sí Aláàpótí. "Gbọ́, ìwọ ọmọ yìí. Ilé tó o wọ̀ yìí, ilé etí ni. Ẹni tó jẹ́ pé ọjà ló ti ra etí tiẹ̀, kí ló fẹ́ fi gbọ́ ẹkún ọmọ mi?"

"Bàbá..." ni ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Dákẹ́, Àbíkẹ́yìn. Gbogbo yín mọ̀ pé omi ń sọ nù ní òpópónà ilé ìwòsàn. Bó bá di ọ̀sán, ẹ̀rọ omi òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn kì í yọ mọ́. Ó ti tó oṣù kan, kò sẹ́ni tó rí i. Bí àpótí rẹ bá rí i ṣáájú mi, mú ọmọ mi. Bí mo bá rí i ṣáájú, kó pósí rẹ méjèèjì, má tún dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo iléeṣẹ́ omi ti gbọ́.

*

Akọ̀wé kò sùn dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó bá Aláàpótí nínú yàrá páìpù, ó fẹ́ sọ àṣírí etí bàbá rẹ̀ fún un.

Aláàpótí ló kọ́kọ́ fa ìwé pélébé kan yọ. "Mo ní nǹkan kan láti fi hàn ọ́. Má ṣe bẹ̀rù." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí inú rẹ̀ kò dùn láti fi àkọsílẹ̀ hàn. "Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni mo ti wo bàbá níbi iṣẹ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún, o wà lẹ́yìn wọn. Nínú rẹ̀, wọ́n rí ojú jíjò nígbà mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ márùn-ún, o ò sí níbẹ̀, o lọ ṣe àkọsílẹ̀ níbòmíràn. Wọn ò rí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí mo gbé àpótí lé ẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n kígbe 'Ibí!' kó o tó pariwo 'Yéè!'"

Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Ta lo ti sọ fún?"

"Ìwọ."

"Wàá sọ fún Ọ̀gá?"

"Olólùfẹ́ mi, iṣẹ́ mi ni kí n wá ohun tó fara pa mọ́ rí. Wọn ò gbà mí síṣẹ́ láti máa pariwo rẹ̀."

Ó sunkún dáadáa nígbà náà, Aláàpótí sì dúró tì í bí òpó, ó ń fún un ní aṣọ tó fi ń nu gíláàsì, nítorí òun nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ǹjẹ́ o mọ ohun tí bàbá mi ṣe yìí?" ló wí níkẹyìn. "Èmi ló ní kí n bá ọ díje. Bí mo bá fi ọwọ́ mi gbọ́ omi yẹn, mo pàdánù rẹ. Bí mo bá gbọ́ ọ tí mi ò tẹ èjìká bàbá, mo dójú ti bàbá mi láàárín ìlú."

"Bó o bá gbọ́ ọ, tẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà á wá a tọkàntọkàn. Ìyàwó tí mo bá fi màgòmágó fẹ́, oorun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní kùn mí."

*

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wá a. Etí-Ìlú kúnlẹ̀ láti orí òpópónà dé ìdí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan ju lọ́rì àti kẹ̀kẹ́ aláìsàn lọ. Àpótí náà kò rí nǹkan kan. Aláàpótí fa àkọsílẹ̀ síwájú, ó fà á sẹ́yìn, kò bára mu níbì kankan. Irun orí rẹ̀ pàápàá ti gbàgbé ọ̀nà tí wọ́n yà sí i.

"Kò hó tààrà bí àwọn yòókù," ló sọ fún Akọ̀wé, bó ti dorí kodò. "Mo rò pé ó ń wá lójijì, kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti lọ. Irú ohun kékeré bẹ́ẹ̀, ariwo wákàtí kan á gbé e mì. Bí mo bá mọ bó ṣe ń dún ni, àní àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, mo lè ní kí kọ̀ǹpútà gbé àpẹẹrẹ náà káàkiri inú àkọsílẹ̀, kó máa wò ó níṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan: ṣé èyí jọ ọ́? Ṣé èyí jọ ọ́? Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wá ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀?"

Ọ̀gá iléeṣẹ́ omi, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé orí ìdúró ló ti ń jẹun, ti sọ tirẹ̀: bó bá di ọjọ́ Ẹtì, òun á gbẹ́ òpópónà náà láti òkè délẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà nídìí oúnjẹ, inú ń bí Etí-Ìlú. "Àwọn ọmọdé ìwòyí! Wọ́n rò pé gbogbo páìpù ló ń ṣe ṣìììì. Ọdún kẹta tí mo wọṣẹ́, mo rí ọ̀kan tí kì í jò àfi bí ẹ̀rọ tó ń ti omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Oríkèé rẹ̀ á là, á tún padé. Báyìí ló ṣe ń dún." Ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fi ahọ́n kan àjà ẹnu: "Kọ́... kọ́-kọ́... fììì."

"Ẹ gbà mí o," ni ìyá wí. "Ọdún kẹrìndínlógójì rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ létí mi lójú oorun."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

*

Akọ̀wé kò lọ sùn kó tó ronú rẹ̀ já. Bó bá mú bàbá rẹ̀ lọ síbi àpótí, àpótí lè borí, òun á sì rí ọkọ fẹ́, ṣùgbọ́n ojú bàbá á wálẹ̀. Bó bá dákẹ́, àwọn aláìsàn ò ní romi. Nígbà tó di òwúrọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ ohùn náà fún Aláàpótí. Aláàpótí ló wá fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, mo wá yá ẹnu yín."

Nígbà tí ìyá fi máa lọgun rẹ̀ dé ẹ̀ẹ̀kejì, ojú Etí-Ìlú ti ń tàn. "Àpótí rẹ kò mọ̀ ọ́n?"

"Kò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láyé yìí mọ́ àfi ẹ̀yin."

Òtítọ́ ni, ó sì tún dùn létí. Etí-Ìlú nu ẹnu, ó tún kọ́là ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ni Aláàpótí ní kó ṣe é sínú àpótí, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló ṣe é. Ó ní àkọ́kọ́ kò gún régé, ẹ̀ẹ̀karùn-ún dára ṣùgbọ́n ìyá ló wúkọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀kọkànlá yìí ni kó gbé lọ.

"Kì í ṣe bí ohùn ẹnu bàbá ṣe rí ni mò ń wá," ni Aláàpótí ń ṣàlàyé fún Akọ̀wé nínú yàrá páìpù. "Àlàfo àárín kíkàn yẹn ni, àti bí fììì ṣe pẹ́ tó. Wò ó, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n ṣe é, àlàfo rẹ̀ kò yẹsẹ̀!"

Wọ́n gbé àpẹẹrẹ náà kiri inú àkọsílẹ̀ òpópónà tí kò jò: ní odindi ọjọ́ kan, ohun tó jọ ọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Irọ́ ariwo nìyẹn. Wọ́n gbé e kiri inú ti òpópónà ilé ìwòsàn. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Nínú gbogbo rẹ̀, àpótí ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, tòkè á sì tẹ̀lé e ní ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn.

Wọ́n jọ fò sókè fún ayọ̀. Ìgbà tó yá ni Akọ̀wé rántí àdéhùn.

"Àpótí rẹ ló rí i," ló wí jẹ́jẹ́. "O ti fẹ́ mi nìyẹn."

Aláàpótí ń wo ilẹ̀. "Jẹ́ kí bàbá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ síbẹ̀ ná."

*

Ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ayé pé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ. Etí-Ìlú kúnlẹ̀, ó di ojú. Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá mú, ó fi ọ̀tún lé èjìká. Ẹ̀rọ omi gbéra lókèèrè. Ó sì mọ̀ ọ́n lára, nínú ìka rẹ̀, àní lábẹ́ ariwo lọ́rì tó ń kọjá: kọ́, kọ́-kọ́, fììì. Tẹ́lẹ̀, ì bá má mọ̀ pé nǹkan kan ni. Lónìí ó mọ ojú rẹ̀. Ó tẹ èjìká bàbá.

"Ibí!"

Ṣọ́bìrì kò tíì lọ jìnnà tí omi fi fọ́n lu gbogbo wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ lójú fèrèsé. Ọ̀gá nu ojú.

"Ó dáa. Màá kọ ọ́ sínú ìwé. Ta ló rí i? Àpótí ni, àbí etí?"

Gbogbo wọn ló mọ àdéhùn. Aláàpótí bọ́ síwájú, omi ń ro tótó lára rẹ̀.

"Bàbá ló rí i, Ọ̀gá. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Àpótí kàn tẹ̀lé wọn ni."

Etí-Ìlú rí i pé ẹnu Aláàpótí ń mì. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí ló wí?"

Akọ̀wé ló wá kù kó sọ ọ́. Ó ní láti lọgun rẹ̀ pàápàá. "Ó ní... ó ní ẹ̀yin lẹ rí i, Bàbá!"

Ojú Etí-Ìlú wà lára Aláàpótí. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń retí kí páìpù sọ̀rọ̀.

"Irọ́ ló pa," ló wí. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò ní èjìká, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. "Ọwọ́ yìí ló rí i. Ọwọ́ yìí ló ń rí i láti ọdún méjì. Mo fi í pa mọ́, kò sẹ́ni tó fura."

Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ṣọ́bìrì wọn. Gbogbo wọn ti fura tipẹ́, Ọ̀gá pàápàá. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Àti pé mo ní kí àpótí rí i ṣáájú mi," ni Etí-Ìlú ń bá a lọ. "Ó rí i ṣáájú, ó wá gbé oyè náà fún mi níwájú èrò. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀..." Ó wú ikọ́, kí wọ́n lè rò pé omi ló gbé mì. "Wá síbí, Aláàpótí. Èjìká mi ti rẹ̀. Tìrẹ ṣì le."

Ó gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé èjìká Aláàpótí.

Ọwọ́ náà kò mọ ohun tí yóò ṣe níbẹ̀. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ló rọra tẹ̀ ẹ́.

"Ibí," ni Aláàpótí sọ, wúyẹ́wúyẹ́, tó fi jẹ́ pé ọmọbìnrin náà nìkan ló gbọ́ ọ láàárín ariwo omi àti àtẹ́wọ́.

"Mo gbọ́," ni Etí-Ìlú wí, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn.